Ìṣẹ́jú 15 Péré, Ọ̀gá Mi

Kò sí òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tí mo ṣí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá ojúlùmọ̀, tí n kì í bá ọmọ tuntun kan níbẹ̀ tó ti dọ̀bálẹ̀ sínú lẹ́tà. "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ọ̀gá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀lé ìrìnàjò yín. Ìṣẹ́jú 15 péré ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín." Ìrìnàjò wo? Báńkì kan náà ni mo wà láti ọdún 11 sẹ́yìn. Àjà keje ni mo ti bẹ̀rẹ̀, àjà keje náà ni mo ṣì wà. Ibi tí mo rìn jìnnà jù ni láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ báńkì tó mọ ibi tí wọ́n ń kó bébà ìtẹ̀wé sí, wọ́n ti rọ ọ́ sí i létí pé iṣẹ́ kọ́ ló ń gbéni ga, èèyàn téèyàn mọ̀ ni. Ó gbà á gbọ́. Ó sọ mímọ èèyàn di iṣẹ́, ó sì sọ iṣẹ́ gan-an di ohun tí à ń fi ọwọ́ òsì ṣe. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Tiwa yìí ò tíì débi omi. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ìṣẹ́jú 15 kí àgbà wá bá òun jíròrò lórí bí àwọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wẹwọ́.

Wọn kì í tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá. Ní báńkì ìdókòwò bíi tiwa, tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ wá owó, tó sì ń bá wọn ṣètò ìdàpọ̀, Analyst ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Associate ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Vice President, kí a tó kan Director àti Managing Director. Orílẹ̀-èdè lè ní igbákejì ààrẹ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ju bébà kan sókè láàárín yàrá iṣẹ́ wa, orí Vice President ni yóò bà lé. Ọmọ tuntun ò mọ èyí. Ó rí oyè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, ó rò pé èmi ni n óò jókòó sórí àga tí ọ̀gá pátápátá bá rìnrìn àjò. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá ìgbìmọ̀ olùdarí sọ̀rọ̀. Èmi tí mo kọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó pààrọ̀ àga mi!

Àwọn kan máa ń ṣe ìwádìí kí wọ́n tó kọ̀wé, àwọn yẹn ló burú jù. Ọmọkùnrin kan kan sáárá sí mi lórí ìdàpọ̀ iléeṣẹ́ méjì tí mo bá wọn lọ́wọ́ sí. Ó ní ọgbọ́n tí mo fi yanjú rẹ̀ jọ òun lójú. Ìdàpọ̀ yẹn dàrú ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì ò kí ara wọn dòní, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sá fún ọ̀gá mi ní kọ́rídọ̀. Mo dá a lóhùn pé mo dúpẹ́.

Ti lífíìtì ni n kò lè gbàgbé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá mi wọlé nísàlẹ̀, mo sì mọ̀ pé àjà kẹta ni tábìlì rẹ̀ wà. A dé àjà kẹta, ilẹ̀kùn ṣí, kò sọ̀kalẹ̀. Ó bi mí ní ohun tó ń jí mi láràárọ̀. Mo ní aago ni. A dé àjà keje, mo bá tèmi lọ. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà lórí LinkedIn: "Lónìí, mo láǹfààní láti jókòó sẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ iṣẹ́ wa. Ẹ̀kọ́ márùn-ún tí mo kọ́ nìyí." Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé kéèyàn máa bọ̀wọ̀ fún aago. Èèyàn bí 400 ló fọwọ́ sí i, ọ̀gá mi náà wà lára wọn.

LinkedIn, tó ṣílẹ̀kùn ní 2003, fàyè gba ẹnì kan láti ní ojúlùmọ̀ 30,000. Robin Dunbar, tó fi ọpọlọ àwọn ọ̀bọ wé ti èèyàn, ti ṣírò nínú àwọn ọdún 1990 pé nǹkan bí 150 ni ẹni tí ọpọlọ wa lè bá ṣe wọléwọ̀de gidi. Ọmọ tuntun gbọ́ iye méjèèjì, ó ní 29,850 tó kù ni yóò jẹ́ mẹ́ńtọ̀ òun.

Wọ́n tún máa ń fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbèjà ara wọn. Wọn á ní Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti sọ ọ́ ní 1973 pé ojúlùmọ̀ ọ̀nà jíjìn ló ń báni rí iṣẹ́. Lóòótọ́, ó sọ ọ́. Nínú àwọn tó bi léèrè tí ẹnì kan ta lólobó iṣẹ́, ìdá 16.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí onítọ̀hún lemọ́lemọ́, ìdá 27.8 kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Àmọ́ ojú ìwé ò parí síbẹ̀. Ta ni àwọn ojúlùmọ̀ ọ̀nà jíjìn ọ̀hún? Ọ̀rẹ́ ilé-ìwé àtijọ́ ni, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ni, ọ̀gá tí wọ́n ti sìn rí ni. Wọ́n ti mọ ọwọ́ ẹni tí wọ́n ta lólobó kí ọ̀nà tó jìn. Kò síbi tí Granovetter ti ní kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbẹ́ni oníṣẹ̀ẹ́jú-15 ni ọmọbìnrin kan jókòó sí, Analyst bíi tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà kì í kí i. Kí ló fẹ́ rí gbà níbẹ̀? Ní aago méjì òru ọjọ́ kan, ohun ìní kọ̀, kò bá gbèsè àti owó onípìn-ín dọ́gba nínú ìwé ìṣirò wa. Ọmọbìnrin yìí ló tú u wò títí tó fi rí i pé ẹnì kan ti fi ọwọ́ tẹ iye kan sínú Excel níbi tó yẹ kí ìṣirò wà. Ẹ ti mọ ẹni náà. A wá a, a ò rí i, ó wà níbi àpèjẹ tí wọ́n ti ń pín káàdì. Láti ọjọ́ náà, Managing Director wa tí kì í rántí orúkọ ẹnikẹ́ni máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹni tó rí iye yẹn ńkọ́? Òun ni kí ẹ gbé èyí fún."

Ẹlòmíì tí wọn kì í kí ni akọ̀wé ọ̀gá. Obìnrin yìí ló di kàlẹ́ńdà mú, òun ló ń ka ìméèlì kí ọ̀gá tó kà á, òun ló sì mọ ọjọ́ tí inú ọ̀gá dùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni wa gba iwájú tábìlì rẹ̀ kọjá, fóònù létí, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá mú. Wọ́n ti tì í. Ó fẹsẹ̀ padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, mi ò tíì rí èsì."

"Èwo ni?"

"Ti ìṣẹ́jú 15."

"Gbogbo wọn ni ti ìṣẹ́jú 15, ọmọ mi." Ó fi awò sójú, ó yẹ kàlẹ́ńdà wò láti òkè dé ilẹ̀. "Àyè kan wà. Wá lọ́jọ́ 14 oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Má pẹ́ o."

Ó dúpẹ́ títí, ó kọ ọ́ sínú fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Mo yọjú wo kàlẹ́ńdà náà. Ọjọ́ Àìkú ni.