Sáfà kan kì í da páásíwọ́ọ̀dù yín kọ sórí òmíràn

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló gbà pé àkójọ páásíwọ́ọ̀dù gbogbo òṣìṣẹ́ wà lórí sáfà Windows wọn (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù), pé tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí sáfà Linux náà, ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kàn máa kó o síbẹ̀ ni. Tó bá wá ní kí gbogbo ènìyàn lọ yí páásíwọ́ọ̀dù padà, wọ́n á ní kò mọṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Kò sí àkójọ kankan tó fẹ́ kó.

Hash páásíwọ́ọ̀dù ni sáfà ń tọ́jú, ìyẹn àmì tí ìṣirò sọ páásíwọ́ọ̀dù dà. Ó ti fi ìṣirò lọ̀ ọ́ kúnná, èlùbọ́ kì í sì í padà di iṣu. Tí ẹ bá fẹ́ wọlé, á lọ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, á fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí kálukú ṣe ń lọ̀ ọ́ kò sì dọ́gba. Ẹ ṣí fáìlì /etc/shadow lórí Linux, ibẹ̀ ni àwọn hash wà. Tí $6$ bá ṣáájú hash, ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SHA-512 ni wọ́n lò: wọ́n fi salt (àmì àìròtẹ́lẹ̀ tí páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀) kún un, wọ́n lọ̀ ọ́ nígbà 5,000, àmì 86 ló jáde. Windows ń lo ìṣirò mìíràn, MD4, ẹ̀ẹ̀kan péré, láìsí salt. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fi "password" ṣe páásíwọ́ọ̀dù lórí Windows, Èkó ni o, London ni o, 8846F7EAEE8FB117AD06BDD830B7586C ni hash rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà sọ ìyẹn di ti Linux. (Windows ní ètò kan, reversible encryption, tó ń jẹ́ kí páásíwọ́ọ̀dù ṣeé yọ jáde. Tí ẹnikẹ́ni bá tàn án lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó pa á.)

Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ń yí páásíwọ́ọ̀dù padà ni sáfà máa ń rí i ní gbangba, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Tí ẹ bá kọ unix password sync = yes sínú smb.conf, fáìlì ètò Samba tó ń jẹ́ kí Linux lè ṣe sáfà fún àwọn kọ̀ǹpútà Windows, Samba á gba páásíwọ́ọ̀dù tuntun náà, á sì gbé e fún ètò passwd ti Linux. Ẹni tí kò bá yí tirẹ̀ padà kò ní rí ọ̀nà wọlé lódìkejì.

Ẹnì kan á ní Entra Connect ti Microsoft, ètò tó ń so sáfà ilé-iṣẹ́ yín pọ̀ mọ́ àkáǹtì Microsoft orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gbé páásíwọ́ọ̀dù lọ ní ìṣẹ́jú 2, 2. Hash náà ló ń gbé, lẹ́yìn tó bá ti fi salt kún un tó sì tún un lọ̀ nígbà 1,000. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé àkáǹtì tí ẹ bá tì kì í bá ìṣẹ́jú 2 yẹn lọ; ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀. Tí ẹ bá lé òṣìṣẹ́ kan láàárọ̀ yìí, ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi tì í níbi méjèèjì.

Èmi fara mọ́ Kerberos jù, ètò ìwọlé tí wọ́n ṣe ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1980 sí 1989, tó wọ inú Windows 2000. Sáfà kan péré ló ń mọ ẹni tó yẹ, á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, Linux náà á sì gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Aago ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́: tó bá fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ síra, kò ní gbà yín wọlé.