Àlejò lójú, kò fi ríran

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé àlejò tí ò mọ̀nà ọjà lòwe yìí ń bá wí, àmọ́ lójú tèmi o, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló bá mu jù, pàápàá ìfẹ́ ọ̀dọ́ tó ń jìyà níbi tí ò ti lẹ́bí.

Ẹ wo àwọn ọmọkùnrin tó ń da màlúù ní Texas lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí ní 1865, àwọn tí wọ́n ń pè ní káúbọ́ì. Fíìmù ti jẹ́ ká rò pé òyìnbó ni gbogbo wọn, irọ́ ni, àwọn dúdú pọ̀ nínú wọn, ẹlòmíì ẹrú ni títí di oṣù kẹfà 1865 tí wọ́n ka ìkéde òmìnira ní Galveston ní Texas, àwọn ará Mẹ́síkò náà sì wà nínú àwọn káúbọ́ì yìí. Màlúù ò lówó lórí ní Texas nígbà yẹn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n lọ sí Abilene ní Kansas ní 1867, torí ibẹ̀ ni rélùwéè wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, ọmọkùnrin bíi méjìlá, oṣù méjì sí mẹ́ta lórí ẹṣin. Ẹni tí ò tíì mọṣẹ́ ló máa ń wà lẹ́yìn agbo táá máa jẹ eruku látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá dòru wọ́n á pín ìṣọ́, wọ́n á máa kọrin fún màlúù kí wọ́n má baà ta gìrì, torí tí agbo bá fi lè sá lóru pẹ́nrẹ́n, ẹni tó bá já bọ́ lórí ẹṣin, ó lè má dìde mọ́.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá dé ìlú, ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò ní bá a wí tọ́kàn ẹ̀ bá fà. Àmọ́ tó bá jẹ́ dúdú tí ọmọbìnrin yẹn jẹ́ funfun, ojú tó fi rí ẹwà ò rí òfin. Kansas ti fagi lé òfin tó ní kí dúdú àti funfun má fẹ́ra wọn láti 1859, Texas tí agbo ti gbéra sì ti ní tiẹ̀ láti 1837, nígbà tó fi máa di 1879 ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 5 ló wà fún un. Ìfẹ́ kan náà o! Níbi tí wọ́n ti ta màlúù òfin ò ní mú wọn, tí wọ́n bá padà sí Texas, ẹ̀wọ̀n ni, ká má tíì sọ tàwọn jàǹdùkú tí kì í dúró de kóòtù, tí wọ́n ń so èèyàn kọ́ sórí igi.

Ibi tọ́rọ̀ bá dé yìí làwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe gidi ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ àáké ara ẹni ló ń sọ. Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Bàbá ẹ̀ lè lé e jáde, ó lè ṣẹ̀wọ̀n, ìwọ sì lè tẹ̀ lé agbo míì lọ. Jókòó tì í, sọ gbogbo ewu tó wà ńbẹ̀ fún un, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun gbà. Òfin burúkú ni, ìfẹ́ ò ṣẹ̀, àmọ́ òfin burúkú náà ń mú èèyàn.

Kí àlejò sì wá ẹni tó ríran. Mildred tó jẹ́ dúdú àti Richard Loving tó jẹ́ funfun, ọmọ onílé ni wọ́n ní Virginia tóun náà ní irú òfin yẹn, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní Washington ní 1958 tí wọ́n padà sílé, orí bẹ́ẹ̀dì lọlọ́pàá ká wọn mọ́, adájọ́ ní kí wọ́n fi ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọdún 25. Wọn ò dá a jà. Mildred kọ lẹ́tà sí Robert Kennedy tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin fún ìjọba, ìyẹn darí wọn sọ́dọ̀ àwọn lọ́yà, nígbà tó di June 1967 kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin yẹn, ti Virginia àti ti Texas náà.