Ta Ló Ní Àfi First Class?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan láti ìdílé ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti parí agùnbánirọ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ aládùúgbò ní lẹ́sìn ní Òṣogbo, ó sì fẹ́ kí n bá òun wá iṣẹ́. Mo bi í pé ṣé kò fẹ́ kàwé sí i ni, ọmọ tó fẹ́ràn láàbù bí ẹni fẹ́ràn dòdò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 2:1 ni mo ṣe o. Àwọn first class ni wọ́n ń fún ní sikọ́láṣíìpù." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀ níta.

Èmi tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí, 2:2 ni mo ṣe. 3.21 nínú 5, kẹ́mísìrì. Mo ka PhD ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kò gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi kò mọ̀, nítorí nígbà tí mò ń lọ, ohun tí ìyá mi ń sọ fún gbogbo àdúgbò ni pé wọ́n fún ọmọ òun ní sikọ́láṣíìpù, àdúgbò sì parí rẹ̀ fúnra wọn pé first class ni mo ní. N kò já wọn ní koro. Ó dùn mọ́ èmi náà, kí n má purọ́.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń rán ọmọ lọ sókè òkun láyé Awólọ́wọ̀, ìdíje ni. Àwọn tó fẹ́ lọ pọ̀, àyè kò tó, ẹni tí ìwé rẹ̀ mú jù ni wọ́n ń mú, ìjọba á sì gbé ẹrù rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ẹ̀bùn ni, wọ́n ń fi yẹ́ ọmọ tó mọ̀wé sí. Bí àwọn òbí wa bá pe sikọ́láṣíìpù, ohun tó ń bọ̀ sí wọn lọ́kàn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé e lé wa lọ́wọ́. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ka PhD ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ló ń bọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀ tó tóbi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló ń ṣe kẹ́mísìrì ọdún kìíní: ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà, ẹni tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ń dúró níwájú wọn nínú gbọ̀ngàn. Ta ni yóò wà pẹ̀lú wọn ní láàbù kí wọ́n má da ásíìdì sára? Ta ni yóò máàkì gbogbo ìwé yẹn? Ẹ̀ka kò lè gba ọ̀jọ̀gbọ́n ogún síṣẹ́ fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD ni wọ́n ń lò. Assistantship lorúkọ rẹ̀. Ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ogún wákàtí yẹn náà sì ni òfin físà F-1 gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n á máa san owó oṣù fún ọ, wọ́n á sì dárí owó ilé-ìwé jì ọ́. Waiver tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Kì í dá rìn. Iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, òun náà bọ́.

Èyí ló fà á tí ẹ̀ka tó bá ní ọmọ rẹpẹtẹ láti kọ́, bíi máàtì, kẹ́mísìrì, bàyọ́lọ́jì, àti ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ gbogbo ọmọ ọdún kìíní ní àròkọ, fi máa ń ní irú àyè yìí ju ibòmíràn lọ. Èdè tiwa náà ń jẹun níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ Yorùbá ní University of Wisconsin–Madison àti ní University of Florida, ètò Fulbright ti ìjọba Amẹ́ríkà sì ní ẹ̀ka kan, FLTA, tó ń mú olùkọ́ èdè lọ sí Amẹ́ríkà, tí àwọn olùkọ́ Yorùbá ti bá a lọ. Ọdún ẹ̀kọ́ kan ni, kò ní oyè nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bú nílé pé Yorùbá ló lọ kà ní yunifásítì, ẹ bá mi sọ fún un.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá gba owó ìwádìí lọ́wọ́ àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí, bíi NSF tàbí NIH, ti kọ ọ́ sínú ìṣirò rẹ̀ pé òun yóò nílò èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa ṣiṣẹ́ náà. Ó ń wá ọwọ́ ni. Lẹ́yìn tí mo jáde pẹ̀lú 2:2 mi, mo fi ọdún méjì àbọ̀ ṣiṣẹ́ ní láàbù kan tí wọ́n ti ń yẹ omi wò lọ́nà Ìkòròdú. Owó oṣù ibẹ̀ kò ṣeé sọ létí àna ẹni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ GC kan, tí wọ́n fi ń ya àwọn kẹ́míkà sọ́tọ̀, wà níbẹ̀ tó máa ń kọṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún, èmi ni mo sì máa ń tú u palẹ̀ tí mo máa ń tò ó padà. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà mí ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn la sọ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Kò bi mí pé kí ló fà á tí mo fi gba C nínú físíìsì.

N kò ní kí máàkì má já mọ́ nǹkan o. Ọ̀pọ̀ graduate school ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé 3.0 nínú 4 ni àwọn ń fẹ́, 3.21 nínú 5 kò sì dé ibẹ̀ bí ẹ bá kàn ṣírò rẹ̀ ní tààrà. Ilé-ìwé méje ni mo kọ̀wé sí. Márùn-ún lé mi. Ọ̀kan gbà mí láìsí owó, èyí tó dà bíi kí wọ́n pe èèyàn síbi àsè kí wọ́n ní kó gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Èyí tó kù wo ọdún méjì tí mo fi kádìí ẹ̀kọ́ mi, nítorí ilé-ìwé mìíràn máa ń gbé ìyẹn yẹ̀ wò lọ́tọ̀, ó rí i pé ìwé mi ti ń gbéra níbẹ̀, ẹ̀ka sì bá mi bẹ àwọn àgbà ọgbà pé ẹni yìí ni àwọn ń fẹ́. Ọ̀kan nínú méje. Ẹni tó ní first class lè rí mẹ́rin nínú méje. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìyàtọ̀ ẹni tó lè lọ àti ẹni tí kò lè lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká tiẹ̀ wo àwọn ẹ̀bùn gidi, àwọn tó ní orúkọ ńlá. Chevening, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni láti 1983, irú ìwé tí 2:1 lè gbé wọlé masters ni wọ́n sábà ń béèrè. Ohun tí wọ́n tún ń kà gan-an ni iṣẹ́ tí o ti ṣe: wákàtí 2,800, tó jẹ́ bí ọdún méjì, kí o sì gbà láti padà sílé fún ọdún méjì bí o bá parí. Sikọ́láṣíìpù Commonwealth náà, 2:1 ni, ẹni tó sì ní 2:2 lè fi masters tó bá ẹ̀kọ́ náà mu tì í lẹ́yìn. Ètò EPOS ti DAAD, àjọ tó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sikọ́láṣíìpù ní Jámánì, ń béèrè ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ka òfin wọn látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí i pé àfi first class. Àwa la fi kún un.

Bẹ́ẹ̀ àwọn first class mìíràn wà tó ń jìyà ìgbàgbọ́ yìí kan náà láti ẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan, orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, kọ̀wé sí ilé-ìwé kan nílùú Ọba fún masters ọlọ́dún kan. Lẹ́tà dé: "A kí ọ kú oríire, a fún ọ ní sikọ́láṣíìpù." Pọ́n-ùn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni, lára owó ilé-ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe ìṣirò. Ọjà ni wọ́n dín fún un. Masters ọlọ́dún kan, MBA, àti irú wọn, ibi tí yunifásítì ti ń pa owó ni. Kò sí ọmọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa kọ́, kò sí láàbù tó ń dúró dè é. First class kò lè sọ ibi tí kò sí iṣẹ́ di ibi tí iṣẹ́ wà.

Jámánì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀, yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ masters, àfi owó kékeré lórí sáà kọ̀ọ̀kan. Kò gba ìdíje. Bí wọ́n bá ti gbà ọ́ wọlé, ó ti parí. Ohun tó ń dá èèyàn dúró ni owó tí wọ́n ní kó lọ tì mọ́ báǹkì kí wọ́n tó fún un ní físà: yúrò 11,904 fún ọdún kan ni wọ́n ń béèrè láti oṣù kẹsàn-án 2024. Ẹ sì ṣọ́ra fún fídíò àtijọ́ tó ń sọ pé gbogbo Jámánì ni kò ní owó. Baden-Württemberg ti ń gba yúrò 1,500 ní sáà kan lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù láti 2017, Technical University of Munich náà bẹ̀rẹ̀ sí gba tirẹ̀ ní 2024. Norway tí gbogbo wa ń kọrin rẹ̀ ti ṣíwọ́ ọ̀fẹ́ fún wa ní 2023. Síbẹ̀ PhD ní Norway, ní Sweden, ní Netherlands, iṣẹ́ olówó oṣù ló sábà máa ń jẹ́: wọ́n á polówó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń polówó iṣẹ́, ìwọ náà á sì kọ̀wé sí i bí ẹni ń wáṣẹ́.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu mí pa. Waiver kò ní kí o má náwó rárá. Owó físà wà, $185, owó SEVIS, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè sílẹ̀, wà, $350, owó ọkọ̀ òfuurufú wà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dárí owó ilé-ìwé jì ọ́, àwọn owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní fees lè ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ. Oṣù kẹjọ ni mo dé. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo kọ́kọ́ gba owó. Gàrí tí ìyá mi fi dandan dì mọ́ ẹrù mi, tí mo ń bá a jà lé lórí ní pápákọ̀ òfuurufú, òun ló gbà mí. Ọ̀rọ̀ físà Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì ti le sí i fún ọmọ Nàìjíríà láti 2025, nítorí náà ẹ yẹ ìlànà tó wà nílẹ̀ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, kí ẹ sì fi Kánádà àti Yúróòpù kún ibi tí ẹ ń wò.

Ejẹ́ǹtì tó bá sì ní òun fẹ́ bá yín "ṣe" assistantship, ẹ bi í pé ṣé òun ni yóò dáhùn nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń bi yín nípa ẹ̀rọ.

Mo padà pe àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kó sọ fún mi ohun tó ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ewé ewúro ni, ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń pa kòkòrò. Mo ní kó lọ wá ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú ewé bẹ́ẹ̀, kó ka ohun tí wọ́n kọ, kó tó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ kejì ó fi èyí tó kọ hàn mí. Ó bẹ̀rẹ̀ pé òun jẹ́ ọmọ tálákà tó bẹ̀rù Ọlọ́run, pé kí ọ̀jọ̀gbọ́n jọ̀ọ́ ṣàánú òun.

Mo ní kó pa gbogbo ìyẹn rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúro. Oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń ti ilẹ̀kùn, transcript rẹ̀ kò sì tíì kúrò lọ́fíìsì tó wà. Òun gan-an la ń sáré lé lọ́wọ́lọ́wọ́.