Bí "immune booster" yín bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ibà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí

Ohùn yẹn tún ti ń kárí WhatsApp: "Ẹ gbé immune yín sókè, kò sí bó ṣe lè pọ̀ tó tó máa ṣe yín ní jàǹbá." Ẹni tó ń sọ ọ́ ń ta nǹkan inú ìgò, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Àwọn tó yẹ kó mọ̀ tí wọ́n ń bá a pín in kiri ló ń bí mi nínú.

Kí gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé sókè? Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, àwọn púrótéènì kan wà tí iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe. Toll-like receptor lorúkọ wọn, TLR ni ká máa pè é. Mẹ́wàá ni ọmọ ènìyàn ní. TLR4 ń ṣọ́ LPS, ìyẹn ọ̀rá oníṣúgà tó wà lára èèpo bakitéríà bíi Salmonella àti E. coli. TLR5 ń ṣọ́ ìrù tí bakitéríà fi ń lúwẹ̀ẹ́. TLR3, 7, 8 àti 9 ò tiẹ̀ jókòó síta. Inú àpò kéékèèké nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lúgọ sí, wọ́n ń retí RNA àti DNA àlejò. Ọdẹ tó bá rí ohun tó ń ṣọ́ á fọn fèrè, sẹ́ẹ̀lì á sì tú àwọn púrótéènì ajíṣẹ́, TNF, IL-1 àti IL-6, sínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀nyí ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ tí ara fi ń gbóná, tí òtútù ń mú ni, tí oúnjẹ ò wọlé mọ́. Nítorí náà, ohun tó bá jí TLR yín lóòótọ́ kò ní fi yín lára balẹ̀. Ẹ ó gbọ̀n.

Wọ́n ti dán an wò. Àwọn olùwádìí máa ń gún àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, ní LPS tí a ti yọ kúrò lára bakitéríà. Nánógíráàmù 2 sí 4 fún kílò kan ni wọ́n sábà ń lò. Tí ẹni tó wọn kílò 70 bá gba 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nánógíráàmù 280, ohun tí ojú ò lè rí. Láàárín wákàtí kan sí méjì, orí á máa fọ́ ọ, òtútù á mú un, ibà á dé.

Ní 1993, New England Journal of Medicine gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kókó lára rẹ̀ ni, ó sì pinnu pé òun á fi LPS Salmonella ta ara òun jí kó lè bá kókó náà jà. Mílígíráàmù 1, ìyẹn nánógíráàmù mílíọ̀nù kan, ló gún sí ara rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ìlọ́po 3,500 ohun tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, ẹ̀yà ara tó ju ẹyọ kan lọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, bíi ti ẹni tí kòkòrò àrùn ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan. Kì í ṣe kòkòrò ló ṣe é léṣe o. Ọdẹ ló tiná bọ ilé.

Ẹ wo eku tí wọ́n ń pè ní C3H/HeJ náà. Ẹ fún un ní LPS tó máa pa eku mìíràn, kò ní mira. Ní 1998, Bruce Beutler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dallas rí ìdí rẹ̀: àṣìṣe kan ṣoṣo nínú jíìnì TLR4 rẹ̀. Ọdẹ yìí ti dití. Ṣùgbọ́n Salmonella díẹ̀ tó wà láàyè ti tó láti pa eku kan náà, torí kò sẹ́ni tó ta á lólobó. Irú rẹ̀ wà lára ènìyàn. Ní 2020, ní Netherlands, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin láti ìdílé méjì tí TLR7 wọn lábùkù ni COVID dá wó gbalaja. Kí ni nǹkan inú ìgò fẹ́ fi jíìnì tó lábùkù ṣe?

"Ó ṣiṣẹ́ fún mi, ọ̀fìnkìn mi lọ." Ọ̀fìnkìn ń lọ fúnra rẹ̀. Ìfun yín tiẹ̀ ti kún fún LPS tipẹ́, ara sì mọ bó ṣe ń pa ọdẹ ibẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ibi tó léwu jù ni dírípù tí wọ́n ń po fún ni nínú ṣọ́ọ̀bù. Síse omi kì í mú LPS tí bakitéríà fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ooru 121°C inú autoclave (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se ohun èlò ìṣègùn) ń pa bakitéríà, kì í ba LPS jẹ́. Asẹ́ tó ń dá bakitéríà dúró, LPS ń gbà á kọjá. Ìgò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sínú ooru gbígbẹ 250°C fún ìṣẹ́jú 30. Ilé iṣẹ́ òògùn gidi ń wọn LPS, kò sì gbọ́dọ̀ ju 5 EU (ìyẹn òṣùwọ̀n agbára LPS) fún kílò kan ara ènìyàn láàárín wákàtí kan. Ta ló ń wọn èyí tí wọ́n pò lẹ́yìn káńtà? Bí ẹni tó wà lórí dírípù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ ti dírípù náà pa lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ mú ìgò náà dání, torí nọ́ńbà ara rẹ̀ ni wọ́n á fi tọpasẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní "òògùn ló ń bá àìsàn jà", ẹ má dá a lóhùn.

Ó dáa, zinc ń ran ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́. Àfidípò ohun tó dín kù nìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ jí TLR4 láìtàn yín wà. Nínú Shingrix, abẹ́rẹ́ àjẹsára, máíkírógíráàmù 50 MPL wà níbẹ̀: LPS Salmonella ni, tí wọ́n ti yọ fọ́sífétì kan kúrò lára rẹ̀ kí oró rẹ̀ lè rọ̀. Inú ẹran apá ni wọ́n ń gún un sí, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Apá á máa dun ọ̀pọ̀ tó gbà á, ara àwọn mìíràn á gbóná. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀.