Gbígbé Spéìn nìkan ò ní kí Sípáníìṣì wọ̀ ọ́ lẹ́nu

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkè-Fìà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n kan tún ti sọ ọ́. Ọmọ wọn obìnrin ti ń kọ́ Sípáníìṣì lọ́dọ̀ mi láti bí oṣù méjì, ó ń múra àtilọ sí Salamanca ní Spéìn. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti dá owó lẹ́sìnì rẹ̀ dúró. "Àǹtí, kí la tún ń náwó sí níbí? Ẹ jẹ́ kó dé ọ̀hún ná. Tó bá ti lo oṣù mẹ́ta láàárín wọn, èdè á ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu." Gbogbo àwọn tó jókòó sí tábìlì yẹn ló ń mi orí. Ẹnìkan tiẹ̀ ní ṣebí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń gbọ́ èdè náà nìyẹn.

Mo sọ díẹ̀, mo dákẹ́, nítorí inú ti ń bí mi, àgbà ni wọ́n sì jẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Àwọn òbí mìíràn ń talẹ̀ lé e lórí.

Ẹ wo Òṣogbo tiwa yìí ná. Àwọn ọmọ mélòó la bí síbí, tí Yorùbá ń dún sí wọn létí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí wọn ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó délẹ̀? Tí ìyá àgbà bá ní kí wọ́n lọ mú ìgbálẹ̀ wá, wọ́n á mú un wá. Wọ́n gbọ́ o. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi dáhùn, torí pé kò sẹ́ni tó ní dandan ni kí wọ́n fi Yorùbá fèsì. Ọdún méjìlá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti lò láàárín wa, kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ọmọ Ìgbò tó wá kọ́ṣẹ́ pàátì mọ́tò ládùúgbò wa ńkọ́? Kó tó pé ọdún méjì, ó ti ń bá oníbàárà ná ọjà, ó ti ń fi Yorùbá ṣẹ̀fẹ̀. Ìlú kan náà ni òun àtàwọn ọmọ wa jọ ń gbé. Tí òun ò bá la ẹnu sọ ọ́, kò ní tajà. Àwọn ọmọ wa á jẹun bí wọn ò bá tiẹ̀ sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Kúbà tó máa ń wá sọ́dún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ. Àwọn mìíràn nínú wọn mọ orin Ọ̀ṣun tó ti ilẹ̀ wa bá àwọn ẹrú dé ọ̀hún, wọ́n á kọ ọ́ débi tí omi á fi bọ́ lójú èèyàn. Ẹ ní kí wọ́n ra ata lọ́jà Ìgbọ̀nà, wọ́n á máa wá ògbufọ̀.

Èmi náà lo oṣù mẹ́rin ní Salamanca, ìlú tí yunifásítì rẹ̀ ti wà láti 1218. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ṣòfò. Láàárọ̀, kíláàsì wákàtí mẹ́rin. Tó bá dọ̀sán, àwa ọmọ Nàìjíríà àti Gánà á kóra jọ sí Plaza Mayor, gbàgede àárín ìlú, Gẹ̀ẹ́sì àti píjìn ló kù títí dalẹ́. Tí mo bá délé, màmá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn á máa bá mi sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, èmi á máa dáhùn pé "sí, sí" (bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni) bí ẹni tó gbọ́. Nígbà tí wọ́n dán wa wò, A2, ìpele kejì nínú mẹ́fà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ̀ èdè, tí mo kọ́ láti ilé dé ọ̀hún náà ni mo ṣì wà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá yẹn ń bẹ pòtétò tí wọ́n fẹ́ fi dín ẹyin, èyí tí wọ́n ń pè ní tortilla. Mo fẹ́ sọ pé tíṣà wa sọ̀rọ̀ nípa mi ní kíláàsì. Mo pè é ní "hablo". Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn. "¿Tú?" Ìwọ kẹ̀? Wọ́n na ẹnu ọ̀bẹ sí mi. Hablo ni "mo ń sọ̀rọ̀". Habló, tí ohùn gòkè sí ìparí rẹ̀, ni "ó sọ̀rọ̀". Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo pè é, kò bọ́ sí i. Wọ́n wá ń fi èèkù ọ̀bẹ lu pátákó níbi tó yẹ kí ohùn mi ti gòkè: ha-bló. Ó tó ìgbà mẹ́jọ kó tó jáde lẹ́nu mi bó ṣe yẹ. Ó dùn mí, torí èmi tí mo mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ láti kékeré ti ń gbọ́ hablo àti habló fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìmọ̀ pé méjì ni wọ́n.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa dá mi dúró nígbàkigbà tí mo bá ṣì í. Mi ò lọ sí Plaza Mayor mọ́. Mo kọjá sí ọjà Mercado Central tó wà nítòsí ibẹ̀, ẹja díẹ̀díẹ̀ ni mò ń rà kí n lè rí ìdí padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo sì ń kọ gbogbo àtúnṣe ìyá ẹlẹ́ja sínú ìwé kékeré kan: el problema (ìṣòro), kì í ṣe la; la mano (ọwọ́), kì í ṣe el. El ni ti akọ, la ni ti abo. Yorùbá ò pín ìṣòro àti ọwọ́ sí akọ àti abo. Etí lásán ò lè bá ẹnikẹ́ni nínú wa mú ìyẹn.

Ẹ tún ṣírò ó. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè ka Sípáníìṣì mọ́ àwọn tó rọrùn jù fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ bíi wákàtí 600 sí 750 nínú kíláàsì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Kíláàsì wákàtí 20 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 inú oṣù mẹ́ta yẹn, kò ju 240 lọ. Ta ló fẹ́ ṣe ìyókù, tí kì í bá ṣe lẹ́sìnì tí wọ́n ní ká dá dúró yìí? Lójú tèmi, físà ìbẹ̀wò ọlọ́jọ́ 90 ló bí "oṣù mẹ́ta" tí gbogbo èèyàn ń pè kiri.

Ti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń sọ, gbogbo ilé ló ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fún un lẹ́nu fún ọdún mélòó kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó já gaara, kò sì sẹ́ni tó ń retí DELE, ìwé ẹ̀rí ìdánwò Sípáníìṣì, lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dáa, mo gbà pé ọmọ kékeré tí wọ́n bá fi sílé ìwé wọn lè yára mú un, àwọn àgbàlagbà díẹ̀ náà sì wà tí wọ́n ní ẹ̀bùn rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ti pé 22.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí padà wá sí lẹ́sìnì. Tí owó ni ò sí, ẹ jẹ́ kó wá ná, a ó sọ̀rọ̀ owó tó bá yá. Ó kù oṣù mẹ́rin kó wọkọ̀ òfúrufú. Ó yọ́ wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé, a jókòó bí ìṣẹ́jú ogún, ó ṣì ń sọ hablo níbi tó yẹ kó ti sọ habló.