Kí Ẹ Tó Sanwó Kíláàsì Ìkọ̀wé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Èrò tèmi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, àyè wà. Nínú kíláàsì ìkọ̀wé lọ́dọ̀ àgbà òǹkọ̀wé, ojú rẹ̀ là ń sanwó fún, a ò sanwó fún ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kún orí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Brandon Sanderson, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Brigham Young síbẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn, ìwé lítíréṣọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ti là á yé wa tipẹ́. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí ẹni tó ti kọ ìwé mẹ́ta mẹ́rin jókòó ti ojú ìwé méjì tí ẹ kọ, kó fàlà sábẹ́ gbólóhùn kẹrin, kó ní, "Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pa ìwé yín dé."

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń polówó kíláàsì ni pé: èèyàn mélòó la máa jẹ́, ojú ìwé mélòó nínú iṣẹ́ mi lẹ sì máa kà? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 10, tí kálukú ń fi ọ̀rọ̀ 800 ránṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ 8,000 ni olùkọ́ máa kà. Tó bá lo 40 ìṣẹ́jú lórí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tó wákàtí méje. Ìyẹn ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá wá jẹ́ 100 ńkọ́? Ọ̀rọ̀ 80,000, odidi ìwé ìtàn àròsọ gbọọrọ kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Kò sẹ́ni tó lè fara balẹ̀ ka ìyẹn, tó tún máa rí àyè kọ ìwé tirẹ̀. Á kàn ní kí ẹ máa ka ti ara yín ni, òun á wá bá yín sọ̀rọ̀ ní Sátidé. Gúrúùpù WhatsApp kan ń gba èèyàn 1,024, ìyẹn náà sì ń kó àwọn kan sí wàhálà ojúkòkòrò. Èmi ò ní sanwó fún kíláàsì tó bá ti lé ní èèyàn 12.

Ẹ wo irú àtúnṣe tí mò ń sọ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé: "Inú Àbẹ̀kẹ́ bàjẹ́ gidigidi nígbà tí ó gbọ́ wí pé ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn." Gírámà rẹ̀ ò lábùkù, àmì ohùn pé. Àmọ́ a ò rí Àbẹ̀kẹ́, ìròyìn rẹ̀ la gbọ́. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ò ní kàn kọ "kò wọ̀ mí lára" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó máa lọ. Á béèrè pé: kí ni Àbẹ̀kẹ́ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé? Ta ló sọ fún un? Kí ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀? Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ á mú padà wá lè rí báyìí:

"Ọbẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ń bù lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Rísí wọlé, tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, 'Ẹ ṣeun, mà.' Abọ́ kún, ọbẹ̀ ń ṣàn sórí tábìlì, ó ṣì ń bù ú."

Inú tó bàjẹ́ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa kà á tí kò ní mọ̀. Ẹ kíyè sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ló tún un ṣe fúnra rẹ̀, ìbéèrè nìkan ni ti olùkọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbà òǹkọ̀wé ti máa ń ṣìṣe. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á tún un kọ bí àwọn ì bá ṣe kọ ọ́, nígbà tí kíláàsì bá sì fi máa parí, èèyàn mẹ́wàá ti ń kọ̀wé bí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wá iṣẹ́ àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ náà rí. Bí ẹ bá ka ti ẹni mẹ́ta tí ẹ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ wábi gbà.

Ohun tí ìpolówó kì í dárúkọ ni àtúnkọ. Kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ń fún yín níṣẹ́ tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn mẹ́jọ ló máa fi sí yín lọ́wọ́. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ni ìtàn kúkúrú méjì péré, oṣù kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ bí 1,500, ì báà rí jákujàku. Ọ̀sẹ̀ kejì, kíláàsì gbé e yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ṣí ojú ewé tuntun kí ẹ tún un kọ. Ẹ má jókòó sórí ti àná kí ẹ máa yọ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ kan sí i, torí pé egungun ìtàn tó wọ́ kò ní tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ kà á sókè, kí ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ. Ibi tí èémí bá ti fẹ́ gé yín, gbólóhùn ti gùn jù níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti yí ọ̀rọ̀ padà láìmọ̀ bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ padà lọ wò ó: ohun tí ẹnu yín sọ sábà máa ń dáa ju ohun tí ọwọ́ yín kọ lọ, pàápàá níbi tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìjókòó orí Zoom, 90 ìṣẹ́jú tó. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, 25 ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyókù fún ìkíni àti àìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. (Zoom ọ̀fẹ́ ń já ní 40 ìṣẹ́jú. Olùkọ́ tó gba owó lọ́wọ́ yín tí kò san ti Zoom, ẹ fojú sí i lára.) Kí iṣẹ́ ti dé ọwọ́ gbogbo èèyàn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹni tó bá ń kà á nígbà tí ìjókòó ń lọ lọ́wọ́ kò rí nǹkan kan sọ.

Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀ka ìkọ̀wé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1936, wà lára àwọn tó mú un gbilẹ̀ pé kí ẹni tó kọ ìtàn dákẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó dáa dé àyè kan. Láàárín tiwa, ọjọ́ orí ló máa ń ba ìjókòó jẹ́. Bí bàbá ẹni ọdún 60 bá kọ ìtàn tí kò dùn, ọmọ ọdún 22 wo ló máa tan makirofóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó sú mi ní ojú ìwé kejì"? "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọpọlọ yín á máa jí pépé" ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn, bàbá á sì lọ bó ṣe wá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yọ orúkọ kúrò lára iṣẹ́, ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tó pín in. Kí kálukú ti kọ èsì ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀: gbólóhùn wo lẹ ṣì rántí? Níbo lẹ ti kọ́kọ́ fẹ́ fò ó? Kí ni kò yé yín? Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni sọ pé "ó dáa" tàbí "kò dáa." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n lè ti máa dá ọwọ́ ara wọn mọ̀, àmọ́ nígbà náà òótọ́ sísọ á ti mọ́ wọn lára.

Fáìlì ni kí ẹ fi máa ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n bá dà sínú ojú ìwé WhatsApp kò ṣeé fàlà sí. Google Docs dára jù, torí pé olùkọ́ lè dábàá àtúnṣe kó hàn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, kí ẹ̀yin gbà á tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́. Ní ti àmì ohùn, Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ní èdè Yorùbá lórí fóònù, ìkànnì YorubaName sì ní kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ títí ìtàn á fi parí. Ìdí ni pé kíbọ́ọ̀dù kan ń fi àmì tóótó sábẹ́ ẹ àti ọ, òmíràn ń fi ìlà kékeré síbẹ̀. Lójú tiwa ọ̀kan náà ni, kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí méjì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ Ọláwálé padà sí Àkànní jálẹ̀ ìtàn, á yí ìdajì, á fi ìdajì sílẹ̀, ẹni tó bá ń kà á á rò pé ọkùnrin méjì ló wà nínú ilé.

Àwọn tó wà lókè òkun, ẹ kíyè sí aago. Èkó kì í yí aago padà. Agogo mẹ́jọ alẹ́ Èkó ni agogo mẹ́jọ London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àmọ́ agogo méje ló jẹ́ nígbà òtútù. Ní New York, agogo mẹ́ta ọ̀sán ni, tàbí agogo méjì nígbà òtútù. Cotonou bá Èkó dọ́gba, Lomé fi wákàtí kan sẹ́yìn.

Ẹni tí kò ka ìwé ìtàn Yorùbá kankan láti ìgbà tó ti ṣe WAEC, kó ṣì fi owó kíláàsì ra ìwé márùn-ún tàbí mẹ́fà ná. Mi ò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ yín ló máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ atẹ̀wétà, ìwé ẹ̀rí ò ní rí nǹkan sọ. Bí wọ́n bá ní àwọn máa kó ìtàn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sínú ìwé kan, tí kálukú á tún dáwó lé e, ẹ bèèrè ẹni tó máa ṣe olóòtú rẹ̀ àti ẹni tó máa ni ẹ̀tọ́ ìtàn náà lẹ́yìn náà, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ ní kíkọ. Ẹ má sì tìtorí ayọ̀ gbé odidi ìtàn sórí Facebook lọ́jọ́ tí kíláàsì bá parí. Ọ̀pọ̀ ìdíje ló ka ohun tó bá ti jáde ní gbangba sí ohun tí a ti tẹ̀ jáde, wọn kì í sì í gbà á mọ́. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ tó láti gbé síta.