Ẹ jẹ́ ká bá Màmá Olúwọlé jiyàn

Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún bá ti pé, ọjọ́ ìbí Màmá Sophie Olúwọlé, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì (ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò) tó ti dolóògbé, fọ́tò rẹ̀ á tún gba orí Facebook. "Obìnrin àkọ́kọ́ báyìí." "Ìṣúra Yorùbá." A ó tẹ láìkì, a ó kọ "sùn re o, Màmá", a ó sì kọjá lọ. Èmi náà ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ó ti ń sú mi, torí ẹni tó fi ayé rẹ̀ jiyàn ni a sọ di àwòrán ara ògiri, tí kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.

Ìgbàrà-Òkè ni wọ́n bí i sí, ọdún 1935. Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n sọ ọ́. Mo lọ wo kàlẹ́ńdà ọdún náà: ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìbí náà bọ́ sí lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ ló bá dé. Orúkọ Sophia dé lẹ́yìn, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún un lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ló dá a lábàá, torí orí ọmọ náà pé. Ọgbọ́n ni sophia lédè Gíríìkì, òun náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ fìlọ́sọ́fì. (Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé orúkọ ló ro ọmọ, ààyè rẹ̀ rèé.)

Kò yára dé ìdí fìlọ́sọ́fì o. Ó ṣe tíṣà, ó bá ọkọ rẹ̀ dé Mọ́síkò, ó dé Jámánì àti Amẹ́ríkà kó tó padà wálé ní 1967, tó sì wọ Yunifásítì Èkó. Ẹni ọdún 49 ni ní 1984 tí Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Òun ni wọ́n sì ń pè ní ẹni àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì ilẹ̀ wa.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé: èrò Yorùbá lórí ìwà ló fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè náà. Wọn ò rí ẹni tí yóò darí rẹ̀. Ló bá lọ kọ nípa ohun tí àwọn òyìnbó ń jà lé lórí nípa ìwà, ó gba oyè rẹ̀, ó wá padà sídìí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì, olùkọ́ kan bẹ̀rẹ̀ fìlọ́sọ́fì lórí Thales, onírònú ará Gíríìsì àtijọ́, ó parí rẹ̀ sí Jámánì. Mo béèrè nípa Ifá. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn, lọ bi bàbá rẹ nílé."

Kí ni Màmá wá sọ gan-an? Nínú ìwé rẹ̀ lórí Socrates, gbajúmọ̀ onírònú ará Gíríìsì àtijọ́, àti Ọ̀rúnmìlà, ó dojú kọ àwọn tó ní Áfíríkà ò ní fìlọ́sọ́fì torí pé àwọn baba wa ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní Socrates náà ò kọ nǹkan kan. Ohun tí Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àtàwọn mìíràn ní ó sọ là ń kà. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún ará Gíríìsì, kí ló dé tí wọ́n fi tì í mọ́ ẹni tí àwọn ọmọ awo fẹnu gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nínú Odù 256? Bẹ́ẹ̀ náà ló mú "tibi tire la dá ilé ayé", tí àwa máa ń fi tu ẹni tí nǹkan ṣe nínú, ó sì fi hàn pé ọ̀nà ìrònú ni: tako-tabo, ibi àti ire, ìkíní ò lè dá dúró láìsí ìkejì, ọ̀kan ò sì lé ọ̀kan jáde. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní Màmáláwo.

Ẹni tó ta ko irú ọ̀nà yìí ò jìnnà sí wa. Paulin Hountondji, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ ilẹ̀ Benin tó kú ní 2024, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí gbogbo ìlú gbà gbọ́ kò tíì di fìlọ́sọ́fì; a gbọ́dọ̀ rí ẹni tó rò ó, ká sì lè bi í léèrè. Mo gbà fún un díẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ọwọ́ Màmá ti le ni ibi tó ti tú ẹsẹ Ifá palẹ̀. Ti fífi Ọ̀rúnmìlà ṣe ojúgbà Socrates yẹn, kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìjà tèmi gan-an pẹ̀lú rẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé náà. Mo mọ ìdí: àwọn tó ń bá jà ò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Barry Hallen àti Ṣódípọ̀, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì méjì, rí nígbà tí wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ní Èkìtì. "Mo mọ̀" jẹ́ ti ohun tí ojú ẹni rí. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, bó ti wù kó dájú tó, "mo gbà á gbọ́" ni. Tí a bá tẹ̀ lé ìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a kọ́ ní ilé-ìwé, a kàn gbà á gbọ́ ni, títí kan Thales. Inú èdè la ti ń rí irú nǹkan báyìí, àwọn tó sì ni èdè náà lẹ́nu jù lọ ni wọn ò lè ka ìwé Màmá.

Lóṣù tó kọjá, mo túmọ̀ ojú ìwé méjì fún ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń difá. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Ó yin Màmá dáadáa. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n gbọ́ ná, àbúrò. Ẹlẹ́rìí ìpín ni Ọ̀rúnmìlà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá ń yan orí. Ẹ̀yin alákọ̀wé wá fi í ṣe ẹgbẹ́ ará Gíríìsì tí wọ́n fún ní májèlé mu?"

Mo fèsì, ó fèsì padà. Títí di àárọ̀ yìí, a ò tíì gbà fún ara wa.